Ẹ̀rọ adárọ́mọ̀ ti 1921: mo fi agolo mílíìkì àti kàléńdà àtijọ́ tún un kọ́

Iṣẹ́ títún ẹ̀rọ ilé ìwòsàn ṣe ni mò ń ṣe, n'Ìbàdàn. Ẹ̀rọ ìfúnpá tó ń jò, ẹ̀rọ tó ń fa ikun, nebuláísà tí kò tú èéfín mọ́, gbogbo wọn ló ń gba ọwọ́ mi kọjá. Èyí tó bá kú pátápátá, ẹni tó gbé e wá kì í padà wá gbé e, orí pẹpẹ mi ló ń dàgbà sí. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí mo rí àwòrán ẹ̀rọ tí John Larson, ọlọ́pàá kan, kọ́ ní Berkeley, ní California, ní 1921, ẹ̀rín ló pa mí. Ẹ̀rọ tí gbogbo ayé ń pè ní adárọ́mọ̀, tí wọ́n ní ó ń mọ̀ bí èèyàn bá purọ́, tí wọ́n fi ń dẹ́rù ba olè nínú fíìmù, kọ́ọ̀fù ìfúnpá tí wọ́n ń dì mọ́ apá ni, páìpù rọ́bà ni, ìlù kékeré tí wọ́n fi rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò lójú ni, pẹ̀lú àgbá tó ń yí. Larson tò wọ́n sórí pákó gbọọrọ kan bí ẹni pàtẹ àlùbọ́sà. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí mi ò ní.

Mo sọ fún ọmọ iṣẹ́ mi pé a máa kọ́ ọ. Ó ní, "Ọ̀gá, ta ló fẹ́ rà á?" Mo ní kó lọ bá mi fọ agolo mílíìkì.

Sátidé kìíní: kọ́ọ̀fù lásán

Mi ò fẹ́ fo ìgbésẹ̀ kankan, mo bá bẹ̀rẹ̀ níbi tí William Moulton Marston ti bẹ̀rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ni ní Harvard ní 1915. Wọ́n ní Elizabeth ìyàwó rẹ̀ ló sọ fún un pé bí inú bá ń bí òun, ó jọ pé ìfúnpá òun ń gòkè. Marston wá rò ó pé bí ìbínú bá lè gbé e sókè, irọ́ náà á gbé e. Kò kọ́ ẹ̀rọ tuntun kankan. Kọ́ọ̀fù tí dókítà ń lò náà ló dì mọ́ èèyàn lápá, ó ń fẹ́ ẹ, ó ń fi stethoscope gbọ́ ọ, ó ń kọ nọ́ńbà sílẹ̀, ó ń tú afẹ́fẹ́ jáde, ó tún ń fẹ́ ẹ. Ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ lemọ́lemọ́ bí ẹni náà ṣe ń ròyìn.

Ìyá Ìbejì ni mo kọ́kọ́ dì í mọ́ lápá. 118 ni nọ́ńbà òkè nígbà tó jókòó jẹ́ẹ́. Mo bi í pé ta ló jẹ ẹja tó ṣẹ́kù sínú ìkòkò lánàá. Ó ní òun kọ́. Mo fẹ́ ẹ: 127. Mo ń rẹ́rìn-ín, mo ní ọwọ́ ti tẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ̀yin lẹ jẹ ẹja yẹn. Ìbéèrè yín ló ń bí mi nínú." Ó sì rí bẹ́ẹ̀, èmi ni mo jẹ ẹ́. Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀ síbí pé ọjọ́ kìíní gan-an ni ẹ̀rọ yìí ti kọ́kọ́ purọ́ mọ́ aláìṣẹ̀.

Marston kò rí i bẹ́ẹ̀. Ní 1922 ó gbé kọ́ọ̀fù rẹ̀ lọ bá James Alphonso Frye, ọ̀dọ́kùnrin aláwọ̀ dúdú kan tí wọ́n fẹ̀sùn kàn ní Washington pé ó pa dókítà kan. Marston ní òótọ́ ni ọmọkùnrin náà ń sọ. Adájọ́ kò jẹ́ kó wí i níwájú ìgbìmọ̀ olùgbẹ́jọ́. Wọ́n pẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ilé ẹjọ́ náà sì dá a lóhùn ní ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá 1923 pé ìlànà tí àwọn onímọ̀ inú iṣẹ́ náà kò tíì fọwọ́ sí lápapọ̀ kò lè di ẹ̀rí. Ẹ̀wọ̀n ni Frye wà nígbà náà, ìdájọ́ náà sì di òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀rí sáyẹ́ǹsì ní ọ̀pọ̀ kóòtù Amẹ́ríkà fún àádọ́ta ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Marston ní tirẹ̀ bọ́ sídìí ìwé àwòrán ẹ̀fẹ̀: òun ló dá Wonder Woman sílẹ̀ ní 1941, obìnrin tó ní okùn tí a bá fi so èèyàn, dandan ni kó sọ òótọ́. Ohun tí kọ́ọ̀fù kọ̀ láti ṣe, ó fún okùn ṣe.

Àléébù ọ̀nà Marston hàn sí mi kíá. Láàárín ìgbà tí mo tú afẹ́fẹ́ àti ìgbà tí mo tún fẹ́ ẹ, mi ò mọ ohun tí ọkàn ń ṣe. Ó dà bí ẹni ń wo eré ìbílẹ̀ tó ń dijú rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí onílù bá gbọ́wọ́ sókè. Larson fẹ́ kí kọ́ọ̀fù wà lápá láìtú, kí ohun kan sì máa kọ ọ́ sílẹ̀ láìdúró.

Sátidé kejì: rọ́bà bẹ́ lójú mi

Ìlù kékeré tí mo ń sọ yìí, Étienne-Jules Marey, onímọ̀ nípa ara ní ilẹ̀ Faransé, ló sọ ọ́ di gbajúmọ̀ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Afẹ́fẹ́ gba páìpù wọ inú ìlù, awọ rẹ̀ gbé sókè, ó ti ọ̀pá fẹ́lẹ́ kan, ẹnu ọ̀pá náà ń kọ ìlà. Agolo tìmátì kékeré ni mo lò, mo na ìbọ̀wọ́ dókítà lé e lójú, mo fi rọ́bà dè é. Ọ̀pá tèmi jẹ́ ẹyọ ọwọ̀ kan ṣoṣo láti inú ìgbálẹ̀ ilé wa, 18 sẹ̀ǹtímítà. Mo fi abẹ́rẹ́ gún un kọjá nítòsí ìdí kó lè máa jù, mo sì lẹ ègé fíìmù X-ray tí mo gé ṣóńṣó mọ́ ọn lẹ́nu.

Mo so kọ́ọ̀fù mọ́ ìlù tààrà, mo fẹ́ ẹ dé 80 lórí gééjì. Pàá! Ìbọ̀wọ́ bẹ́, ọwọ̀ fò lọ sẹ́yìn fìríìjì. Ọmọ iṣẹ́ mi ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, Ọ̀gá," ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí n má rí ẹ̀rín rẹ̀.

Ìlù Marey kò lè gbé agbára afẹ́fẹ́ tó wà nínú kọ́ọ̀fù. Ìró ọkàn tí mò ń wá kéré gan-an, orí agbára ńlá yẹn ló gùn bí ìgbà tí èèrà gun erin. A ní láti yọ èèrà kúrò lórí erin. Joseph Erlanger ti yanjú èyí ní Amẹ́ríkà ṣáájú Larson, ẹ̀rọ ìfúnpá Erlanger ni Larson sì tún ṣe fi kọ́ tirẹ̀. Ọgbọ́n ibẹ̀ ni pé afẹ́fẹ́ kọ́ọ̀fù kì í kan ìlù rárá. Inú rọ́bà kan tó wà nínú ìgò ló ń lọ. Bí ọkàn bá lù, rọ́bà inú ìgò á wú díẹ̀, á ti afẹ́fẹ́ tó yí i ká nínú ìgò, afẹ́fẹ́ ìta yìí ló sì ń lọ gbé awọ ìlù.

Bàlúùnù ọmọdé ni mo kọ́kọ́ tì bọ inú ìgò tó fẹ̀ lẹ́nu. Kò tíì dé 40 tó fi kún ìgò náà dẹ́múdẹ́mú, ó sì fi ara rẹ̀ dí ihò tí afẹ́fẹ́ ìta fẹ́ gbà jáde. Rọ́bà tó le ló yẹ. Mo yọ bọ́ọ̀lù tí nọ́ọ̀sì máa ń fún láti ara ẹ̀rọ ìfúnpá kan tó ti kú, mo dí ihò rẹ̀ kan, mo so èkejì mọ́ páìpù kọ́ọ̀fù, mo tì í sínú ìgò. Mo fi táàpù kékeré ara okùn dríìpù sẹ́nu ìgò, kí n lè ṣí i bí mo bá ń fẹ́ kọ́ọ̀fù, kí n sì tì í bí mo bá fẹ́ kí ìlù bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Mo dì í mọ́ ara mi lápá. Mo fẹ́ ẹ dé 80, mo ti táàpù. Ọwọ̀ náà dúró jẹ́ẹ́ díẹ̀, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í mi: tí, tí, tí. Àwa méjèèjì dákẹ́. Ó tó ogún ọdún tí mo ti ń tún ẹ̀rọ ìfúnpá ṣe, mi ò rí ọkàn ara mi rí.

Àárín ọ̀sẹ̀: dúdú àtùpà

Ìlà gbọ́dọ̀ wà lórí nǹkan. Àgbá tó ń yí fún irú iṣẹ́ yìí ti wà láti 1847, Carl Ludwig ará Jámánì ló gbé e jáde. Bébà tí wọ́n fi èéfín pa dúdú ni wọ́n ń wé mọ́ ọn, ẹnu ọ̀pá á máa ha dúdú náà kúrò, ìlà funfun á yọ. Tádàwà wúwo jù fún ọ̀pá tó fẹ́lẹ́ báyìí, èéfín ni kò ní ìwọ̀n.

Bébà tó ń dán ló ń gba èéfín dáadáa, ilé ta ni kàléńdà àtijọ́ kò sí? Mo kó ti ọdún mẹ́rin jọ, ti ìgbéyàwó, ti òkú, ti olóṣèlú, mo lo ẹ̀yìn wọn. Àtùpà kẹrosíìnì tí mo fa òwú rẹ̀ sókè jù ni mo fi ń rá a lábẹ́. Ìyá Ìbejì wọlé, ó wo kọ́tìnnì, ó wo mí. Láti ọjọ́ yẹn, ẹ̀yìnkùlé ni iṣẹ́ èéfín ti ń lọ.

Mótọ̀ tó ń yí àwo nínú màíkíróweèfù ni mo fi ń yí agolo mílíìkì ńlá, ẹ̀ẹ̀marùn-ún ní ìṣẹ́jú kan. Agolo náà jẹ́ 40 sẹ̀ǹtímítà yíká, ó sì ń parí ìyípo kan ní ìṣẹ́jú àáyá 12. Kí n tó bi èèyàn ní ìbéèrè kan tán, ìlà tuntun ti ń gun orí ti àtijọ́. Mo gé púlì pákó tó fẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́wàá ju ti ẹnu mótọ̀, mo fi rọ́bà so wọ́n pọ̀. Mo wá ṣe bí Larson ṣe ṣe, mo gbé agolo kejì kalẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, mo lẹ bébà pọ̀ di òrùka gígùn tó yí agolo méjèèjì ká. Bébà ń rìn ní 20 sẹ̀ǹtímítà ní ìṣẹ́jú kan báyìí, mítà méjì sì gbé ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Bí ìlà bá ti wà lórí èéfín, ìka ọmọdé kan ṣoṣo tó láti pa á rẹ́. A ní láti rì í sínú fánìṣì. Búrọ́ọ̀ṣì ni mo kọ́kọ́ fi kùn ún, mo sì fi ọwọ́ ara mi nu iṣẹ́ wákàtí méjì nù. Ẹ fi tínà pò ó títí yóò fi ṣàn bí omi, ẹ dà á sínú àwo gbọọrọ, ẹ fa bébà gba inú rẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀kan, ẹ fi kọ́ sá. Ẹ má fọwọ́ kàn án.

Sátidé kẹta: èémí

Ẹ̀rọ Larson ń kọ ìlà méjì pọ̀, ti ọkàn àti ti èémí. Ọ̀rọ̀ èémí yìí, Vittorio Benussi ló ti ṣiṣẹ́ lé e lórí ní Graz, ní Austria, ní 1914: ó ń fi ìgbà tí èèyàn fi ń fa èémí sínú wé ìgbà tó fi ń mí i jáde, kó tó sọ̀rọ̀ àti lẹ́yìn tó sọ̀rọ̀. Páìpù oníkókó tí wọ́n fi ń mí nínú yàrá iṣẹ́ abẹ, èyí tí wọ́n ti sọ nù, ni mo dí lẹ́nu méjèèjì tí mo sì dè yí àyà ọmọ iṣẹ́ mi ká. Páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ kan gbé afẹ́fẹ́ rẹ̀ lọ sí ìlù kejì. Èyí ṣiṣẹ́ ní ìgbìyànjú àkọ́kọ́, àfi pé ó ń kọ ọ́ sódì: bí ó bá fa èémí sínú, páìpù nà, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ dínkù, ìlà lọ sílẹ̀. Mo fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Larson pe tirẹ̀ ní cardio-pneumo-psychogram, orúkọ tó gùn ju páìpù rẹ̀ lọ. Polygraph, orúkọ tó borí rẹ̀ lẹ́yìn náà, ti wà tẹ́lẹ̀: James Mackenzie, dókítà ọkàn ní Burnley, ní Gẹ̀ẹ́sì, ló ń pe ẹ̀rọ rẹ̀ bẹ́ẹ̀, èyí tí Shaw, aláago kan ní Padiham, bá a ṣe. Ìlù ọkàn aláìsàn ló ń kọ, kò sí irọ́ kankan nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ìrúwé 1921 ni Larson kọ́kọ́ lo tirẹ̀ lójú ogun. Ọlọ́pàá ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ti gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ iṣẹ́ ara, ọ̀gá rẹ̀, August Vollmer, sì fẹ́ kí ọlọ́pàá fi ìmọ̀ rọ́pò kóńdó. Olè ń jà ní College Hall, ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin ń gbé: owó ń sọnù, aṣọ ń sọnù, òrùka dáyámọ́ǹdì pàápàá. Larson mú àwọn ọmọbìnrin náà jókòó lọ́kọ̀ọ̀kan, ìbéèrè kan náà fún gbogbo wọn, bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ nìkan. Ọ̀kan nínú wọn fò dìde tìbínú-tìbínú bí ìlà rẹ̀ ṣe ń gùn, ó sì jẹ́wọ́ lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan tí wọ́n ti ń bi í léèrè. Èyí tó wù mí jù nínú ìtàn náà ni pé Larson fẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó dì ní kọ́ọ̀fù, Margaret Taylor, ẹni tí wọ́n jí òrùka rẹ̀. Bóyá òun náà rí ìlà kan nígbà náà tí kò kọ sínú ìwé.

Ohun tí àwọn ìtàn kì í sọ púpọ̀ ni ìrora rẹ̀. Kọ́ọ̀fù tó wà ní 80 láìtú, apá á wú, ìka á dúdú, lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún mo ti ń wá ohun tí màá jẹ́wọ́ kí wọ́n lè tú mi sílẹ̀. Mi ò jẹ́ kí ó kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ta lápá ẹnikẹ́ni lẹ́yìn ìyẹn, àwa tí a mọ ohun tí kọ́ọ̀fù ń ṣe kò gbọ́dọ̀ fi ṣeré.

Ìdánwò

Eré nọ́ńbà ni a ṣe. Ọmọ iṣẹ́ mi kọ nọ́ńbà kan láàárín 1 sí 5 sínú bébà, ó ká a mọ́wọ́. Mo ń bi í lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń dáhùn "Rárá" sí gbogbo rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kìíní, ìlà èémí rẹ̀ dúró gan-an nígbà tí mo kan 3. Mo ní, "Mẹ́ta ni." Ẹnu yà á. Èmi náà, àyà mi lù kìkì, mo fẹ́ẹ̀ gbàgbé pé mi ò gba ẹ̀rọ náà gbọ́.

Lẹ́ẹ̀kejì, 1 ni ìlà fò sí, irọ́ ni: ìbéèrè àkọ́kọ́ máa ń ta èèyàn jí, ohunkóhun tó bá jẹ́. Lẹ́ẹ̀kẹta, 4 gbé e sókè bí òkè Àgbélé, mo ní mo ti mú un. Kì í ṣe 4. Iná ló dé, àwọn ọmọ àdúgbò pariwo, ó sì ta gìrì. Bí a bá yọ etí mi kúrò níbẹ̀ tí a gbé bébà yẹn nìkan fún ẹni tí kò sí níbẹ̀, á búra pé ọmọ náà purọ́ sí 4. Nínú ìgbà mẹ́wàá tí a ṣe é, mo gbà á mẹ́rin. Méjì nínú mẹ́rin yẹn, kí n sọ òótọ́, ojú rẹ̀ ni mo wò, mi ò wo bébà.

Leonarde Keeler mọ̀ nípa ojú yìí dáadáa. Ọmọ Berkeley ni, ọ̀dọ́ ni nígbà tó ń bá Larson ṣiṣẹ́, òun ló sì sọ pákó gbọọrọ yẹn di àpótí tó ṣeé gbé lọ́wọ́. Ó fi tádàwà rọ́pò èéfín, ó gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀ ní 1931, ó fi ohun tó ń wọn bí iná mànàmáná ṣe ń gba awọ ara kọjá kún un ní 1938. Kó tó bẹ̀rẹ̀ ìdánwò, á ní kí afurasí mú káàdì kan, kó sẹ́ ẹ, òun á sì sọ èyí tó mú. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀rù ẹ̀rọ ti ba ẹni náà, èyí tó jẹ̀bi á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́wọ́ kí àgbá tó yí rárá. Ní oṣù Kejì 1935, ní Portage ní Wisconsin, àbájáde rẹ̀ wọ kóòtù, wọ́n sì dá àwọn ọkùnrin méjì lẹ́bi. Bí mo ṣe ń wò ó, Larson kọ́ ẹ̀rọ, Keeler kọ́ ìtàgé. Larson kò sì dárí ji ìtàgé yẹn: kó tó kú ní 1965 ó kọ ọ́ pé ohun tí òun bẹ̀rẹ̀ bí ìwádìí ti di ẹ̀dá abàmì, tí òun sì ti fi ohun tó lé ní 40 ọdún bá jà.

Bàbá àgbà tó ń gbé lódìkejì wa wá wò ó nígbà tó ń ṣiṣẹ́. Ó bèèrè ohun tó wà fún, mo ṣàlàyé. Ó mi orí, ó ní, "Ọbọ òyìnbó nìyí." Èèpo igi ọbọ ló ń sọ, èyí tí wọ́n ń fún afurasí mu láyé àtijọ́ ní àwọn apá kan ilẹ̀ wa: bó bá bì í, ó mọ́, bí kò bá bì í, ó kú. Mo ní eléyìí kì í pa èèyàn, Bàbá. Ó ní, "Ẹni tó wà lẹ́wọ̀n ńkọ́?" Frye ni mo rántí.

Ọjọ́rú tó kọjá

Òkìkí ti kàn. Ìyá Aláṣọ tó wà ní ìkọ̀rọ̀ wá bá mi pé owó sọnù ní ṣọ́ọ̀bù òun, ọmọbìnrin tó ń bá òun tajà ni òun fura sí, kí n bá òun dì í mọ́ ẹ̀rọ. Ó ti mú ọmọ náà dání. Ọmọ náà dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo ìgò, ó ń wo páìpù, ó ń wo bébà dúdú tó ń rọ̀ lórí okùn bí aṣọ ọ̀fọ̀. Mo lè rí iṣan ọrùn rẹ̀ tó ń lù láti ibi tí mo jókòó sí.

Mo ní, "Ìyá, ẹ má bínú, kò ṣeé ṣe."

Ó ní, "Ṣé kò ṣiṣẹ́ ni?"

Mo ní ó ń ṣiṣẹ́. Ohun tí yóò sọ fún yín ni pé àyà ọmọ yìí ń já, ẹ sì ti mọ ìyẹn. Mo sọ fún un pé ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ti ṣe é, láti 1988 ni òfin ti dí ọ̀pọ̀ agbanisíṣẹ́ aládàáni lọ́wọ́ láti fi dán òṣìṣẹ́ wọn wò. Ó ní òun kì í ṣe ará Amẹ́ríkà. Mo tú páìpù kúrò lára ìgò níṣojú rẹ̀, mo fi í sápò. Ó pòṣé, wọ́n lọ. Ọmọ náà ṣì ń tajà níbẹ̀, ó kí mi láàárọ̀ yìí.

Páìpù náà ṣì wà lápò mi. Èyí tó kù nínú iṣẹ́ ni agolo kejì tó ń han, màá fi gíríìsì sí i lóókan. Lẹ́yìn náà, tádàwà: abẹ́rẹ́ ìgúnra 23 ni mo fẹ́ lò bí ẹnu kálámù, ṣùgbọ́n ó ń dí ní gbogbo ìṣẹ́jú méjì, ó sì wúwo fún ọwọ̀. Ọmọ iṣẹ́ mi ní kí a gbìyànjú 21, tí ihò tirẹ̀ fẹ̀ jù ú lọ.